Jíà páwà báìkì: mo fẹ́ kí ìkíní wà lókè, kí ìyókù wà nísàlẹ̀

Ọmọ Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Páwà báìkì mi, ẹlẹ́ńjìnnì 600 cc, tòkunbọ̀ láti Japan, ti pé oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ mi. Jíà rẹ̀ rí bí èyí tí gbogbo wa mọ̀: mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ìkíní, mo máa ń fi ìka ẹsẹ̀ gbé e sókè fún ìkejì títí dé ìkẹfà, fíríì (ibi tí jíà kankan kò ti wọlé) sì wà láàrin ìkíní àti ìkejì. Mo fẹ́ yí i padà báyìí. Ìkíní nìkan ni kí n máa gbé sókè, kí n máa tẹ gbogbo ìyókù sílẹ̀, bí àwọn tó ń sá eré ìdíje ṣe ń ṣe é.

Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ ni pé àwa kan fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti máa ń ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ sáré. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kíní, bí mo bá ti tẹ báìkì sápá òsì nínú kọ́nà, n kì í ráyè ki ìka ẹsẹ̀ bọ abẹ́ irin jíà mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni imú bàtà mi ha ilẹ̀. Ojú bàtà òsì náà ti fẹ́ẹ̀ lu níbi tó ti ń gbé irin.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ bá sọ ní àìmọye owó, ó ní a óò tú ẹ́ńjìnnì. Ọkàn mi kò gbà á. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Mẹkáníìkì Sábó (Ṣàgámù)

Àbúrò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì rẹ nítorí èyí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ alùpùpù, n kò tíì tú ẹ́ńjìnnì kan rí nítorí pé ẹnì kan fẹ́ yí jíà padà.

Ṣáfùtù kékeré kan ló yọ orí síta lápá òsì ẹ́ńjìnnì, nítòsí ibi tí ṣéènì ti bẹ̀rẹ̀. Bí ṣáfùtù yẹn bá yí sí apá kan, jíà á gòkè. Bó bá yí sí apá kejì, jíà á sọ̀. Láàrin ẹsẹ̀ rẹ àti ṣáfùtù náà, irin mẹ́ta ló wà: irin jíà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, rọ́ọ̀dù tó gùn, àti apá kúkúrú kan tó dì mọ́ orí ṣáfùtù. Apá kúkúrú yẹn ni kí o wò. Dorí kẹ̀kẹ́ ọmọdé kodò, kí o fi ọwọ́ ti òkè táyà rẹ̀ síwájú. Wo ibi tó yí sí. Lẹ́yìn náà, ti ìsàlẹ̀ táyà yẹn síwájú. Ó yí sí òdìkejì, àbí? Bẹ́ẹ̀ náà ni tìrẹ. Bí apá kúkúrú náà bá kọjú sókè báyìí, yọ ọ́, kí o kọjú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ á ti rọ́ọ̀dù bó ṣe ń tì í tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ṣáfùtù á yí sí ibòmíràn.

Bí o bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ, fọ ibẹ̀ kó mọ́, torí epo ṣéènì pẹ̀lú erùpẹ̀ ọ̀nà wa yìí máa ń di bí ọ̀dà síbẹ̀. Ya fọ́tò rẹ̀. Fi ọ̀dà funfun kán àmì sórí ṣáfùtù àti apá kúkúrú náà, kí o lè mọ ọ̀nà ilé bí ọ̀rọ̀ bá dàrú. Sípánà 10 ló sábà máa ń ṣí bóòtù tó fún apá náà mọ́ ṣáfùtù, 8 ni fún àwọn kan. Ibí yìí ni kí o ti fetí sí mi dáadáa: FA BÓÒTÙ YẸN YỌ PÁTÁPÁTÁ. Má kàn dẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbẹ́ ojú kan sára ṣáfùtù tí bóòtù yẹn gbà kọjá kí apá náà má baà yọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá dẹ bóòtù nìkan, tó wá gbé òòlù, á ba eyín ṣáfùtù jẹ́, ó sì lè tẹ̀ ẹ́. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ títú ẹ́ńjìnnì á wá di òótọ́. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bó bá ti ń le, fọ́n WD-40 sí i, lọ jẹun, padà wá, kí o fi súkúrú-díráfà dẹ ẹnu ibi tó là lára apá náà díẹ̀díẹ̀.

Rọ́ọ̀dù náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Orí kan rẹ̀ ń ṣí bí gbogbo bóòtù ṣe ń ṣí, orí kejì ń ṣí sí òdìkejì. Ìdí nìyẹn tí rọ́ọ̀dù fi ń gùn tàbí kúrú bí o bá ṣáà ti ń yí i láàrin. Dẹ nọ́ọ̀tì ìdè méjèèjì ná. Mo ti rí àwọn tó fi agbára já nọ́ọ̀tì kan nítorí wọn kò mọ̀ pé ọ̀tún ló ń ṣí sí.

Nígbà tí o bá dá apá náà padà, wá eyín tí rọ́ọ̀dù àti apá náà á fi fẹ́ẹ̀ dúró bí igun ilé síra wọn. Bí wọ́n bá sùn jù síra wọn, jíà á le lẹ́sẹ̀ rẹ, á sì máa já sí ibi tí kì í ṣe jíà. Bí o bá ń fa rọ́ọ̀dù gùn, rí i pé ó kéré tán eyín mẹ́fà ṣì wà nínú ìhò lórí kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá tó, ra èyí tó gùn jù ú lọ. Má gbé e lọ fún wẹ́dà kó lẹ irin mọ́ ọn. Bóòtù tó fún apá náà mọ́ ṣáfùtù, kékeré ni. 10 N·m (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtù) tó o, kì í ṣe bóòtù táyà.

Má tíì jókòó lé e lórí. Gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sórí ìdúró kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, pa ẹ́ńjìnnì, fi ọwọ́ kan máa yí táyà, fi ọwọ́ kejì máa tẹ irin jíà. Kà á: ìkíní, fíríì, ìkejì, títí dé ìkẹfà, kí o sì kà á padà. Máa wo bóyá rọ́ọ̀dù tàbí apá náà ń fara kan fírémù, ṣéènì tàbí ike ara rẹ̀ nígbà tó bá lọ dé òpin. Báìkì kan wà tí fírémù rẹ̀ kò fún un láyè rárá, tó jẹ́ pé àfi kí a pààrọ̀ gbogbo ibi ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ Rẹ́mọ (Ìṣarà)

Mẹkáníìkì ti sọ gbogbo ohun tó kan irin. Jẹ́ kí n fi kan kún un. Tèmi ti wà lódìkejì fún ọdún mẹ́rin, ó sì dára fún ohun tí wọ́n ṣe é fún. Bí báìkì bá ń fa èèyàn lọ síwájú, ara máa ń sún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ a sì máa wù ú láti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an lo nílò jíà tó ga. Bí o bá di bíréèkì mú, ara á sún síwájú, ìka ẹsẹ̀ á rọrùn láti gbé sókè. Ìgbà yẹn lo sì nílò jíà tó kéré. Nínú kọ́nà òsì, o kò nílò àyè kankan lábẹ́ irin jíà kí o tó gòkè.

Ṣùgbọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ ná kí o tó ṣí bóòtù kankan. Àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé lé ibi ìtẹ̀sẹ̀, tí imú bàtà á wá yọ síwájú, tí á sì kọjú sílẹ̀. Sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí ó jẹ́ pé ibi tó ki nídìí àwọn ọmọ ìka ló wà lórí irin. Má dá a padà sídìí jíà àfi nígbà tí o bá fẹ́ yí i. Èmi fúnra mi rí i pé ìdajì bí bàtà ṣe ń ha ilẹ̀ yẹn ti tán lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ mi ní èyí, kí n tó yí jíà rárá. Bó bá sì jẹ́ pé títì Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ lo fẹ́ torí rẹ̀ yí i, fi sílẹ̀. Kò sí kọ́nà lójú ọ̀nà yẹn tó yẹ kí èèyàn tẹ báìkì débi tí imú bàtà á fi kan ilẹ̀, pẹ̀lú yanrìn àti epo tí àwọn tírélà ń ṣàn sílẹ̀ káàkiri.

Ìyá Ìbejì (Ìkẹ́nnẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ sípánà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àbúrò wa gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ọkọ mi yí jíà báìkì rẹ̀ padà lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó sọ fún mi. Mo gbọ́, mo ní ó dáa. Ọjọ́ karùn-ún, mo gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ohun tó sọ fún mi kò sì sí nínú ẹsẹ̀ mi. Láti Ìkẹ́nnẹ́ títí mo fi bọ́ sí ojú títì ńlá, mo rántí, torí mo rọra ń lọ. Ìgbà tí mo wá fẹ́ ya bọ́ọ̀sì kan sílẹ̀, mo wà ní jíà kẹrin, ẹ́ńjìnnì ti ń ké, mo nílò ìkarùn-ún. Ẹsẹ̀ mi gbé irin sókè bó ṣe máa ń ṣe látọjọ́. Ó já sí ìkẹta. Igbe tí ẹ́ńjìnnì yẹn ké, n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Táyà ẹ̀yìn mú lójijì, ìdí báìkì bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún jù sósì lábẹ́ mi bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sórí ilẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí n di kílọ́ọ̀ṣì mú. Bó ṣe tú nìyẹn, tó tún dúró gbọn-in. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo sọ̀, mo jókòó sílẹ̀. Kò pa mí lára, ṣùgbọ́n ó tó wákàtí kan kí ọwọ́ mi tó ṣíwọ́ gbígbọ̀n.

Ọkọ mi ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé èyí tí mo ṣe yẹn ló burú jù nínú àṣìṣe méjèèjì. Bí èèyàn bá fẹ́ sọ̀ tó bá ṣèèṣì gòkè, ẹ́ńjìnnì á kàn wúwo, báìkì ò ní lágbára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré, tó fẹ́ gòkè, tó wá ṣèèṣì sọ̀, táyà lè mú, ẹ́ńjìnnì sì lè yí kọjá ibi tí wọ́n fi ìlà pupa sí, kí písítìnnì lọ lu fáàfù.

Wákàtí kan ni ọkọ mi fi yí irin. Ó tó oṣù kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbà á láìronú. Láti ọjọ́ náà ni a ti lẹ téèpù funfun mọ́ orí táǹkì, níbi tí ojú ẹni á ti kọ́kọ́ bọ́ sí bó bá jókòó: ÌKÍNÍ WÀ LÓKÈ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lẹ tiyín kí ẹ tó gbé e jáde.

Tíṣà Àgbà (Ìpẹru)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Ohun tí ẹ ń pè ní òdìkejì yìí, èmi ti fi gun alùpùpù kí ọ̀pọ̀ yín tó dáyé. Honda C70 ni mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà káàkiri Rẹ́mọ. Ìdílé ẹ̀rọ yẹn ti wà láti ọdún 1958. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, jíà mẹ́ta ló ní, irin jíà rẹ̀ sì ní iwájú àti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, jíà á gòkè. Bí ẹ bá fi gìgísẹ̀ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, á sọ̀. Ẹsẹ̀ kì í gbé nǹkan kan sókè. Bàtà dúdú tí mo bá kùn láàárọ̀ máa ń dé kíláàsì bí mo ṣe kùn ún, kò sí ìlà kankan lójú rẹ̀. Nítorí náà, títẹ̀ láti gòkè kì í ṣe nǹkan àjèjì nílẹ̀ yìí.

Àwọn alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ tilẹ̀ le ju èyí lọ. Apá ọ̀tún ni jíà wọn wà, bíréèkì ẹ̀yìn wà lápá òsì. Ti Norton, ẹ ó gbé ìkíní sókè, ẹ ó tẹ ìyókù sílẹ̀. Ti Triumph kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì gbọ́dọ̀ ro ó dáadáa. Ìgbà tí Amẹ́ríkà fi òfin dè é, láti orí àwọn alùpùpù ọdún 1975, pé apá òsì ni jíà gbọ́dọ̀ wà, ni gbogbo ilé iṣẹ́ tó fẹ́ tajà lọ́hùn-ún gba ọ̀nà kan. Mo sọ èyí kí ọmọ wa lè mọ̀ pé àdéhùn lásán ni òkè àti ìsàlẹ̀. Ohun tó ń pa èèyàn ni kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbàgbé àdéhùn tí wọ́n wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu o, ara mi bù máṣọ nígbà tí mo kà á. Ẹ̀gbọ́n Ìṣarà, òótọ́ ni, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ni mo ń gbé lé e, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ohun kan wà tí mo gbàgbé láti sọ: quickshifter, ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí èèyàn yí jíà láìdi kílọ́ọ̀ṣì mú, wà lára rọ́ọ̀dù tèmi. Ṣé kò ní dàrú?

Oníwáyà (Àgọ́-Ìwòyè)

Ó dára tí o béèrè, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ inú rọ́ọ̀dù yẹn ń gbọ́ bóyá wọ́n ń tì í ni tàbí wọ́n ń fà á. Bó bá ti gbọ́ èyí tí wọ́n kọ́ ọ, á pa iná ẹ́ńjìnnì fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan kí jíà lè wọlé láìdi kílọ́ọ̀ṣì mú. Ká ní nígbà tí ò ń gbé irin sókè tẹ́lẹ̀, títì ni rọ́ọ̀dù ń jẹ. Lẹ́yìn tí o bá ti dorí apá kúkúrú kodò, tí o wá ń tẹ irin sílẹ̀ láti gòkè, fífà ni rọ́ọ̀dù á máa jẹ. Sẹ́ńsọ̀ tó mọ títì nìkan kò ní gbọ́ ọ. Ìgbà tí o bá ń sọ̀ ló máa pa iná. Àwọn kan ń gbọ́ méjèèjì, àwọn kan ní ibi tí a ti ń yí i padà nínú ètò wọn, àwọn tó kù àfi kí o ra ti ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ọ̀nà míràn wà tí kò ní da sẹ́ńsọ̀ rú. Fi apá orí ṣáfùtù sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí irin jíà rẹ bá ní ìhò kejì lẹ́yìn ibi tó ti ń yí, ibẹ̀ ni kí o gbé orí rọ́ọ̀dù lọ. Nígbà yẹn, títẹ̀ sílẹ̀ níwájú á gbé ẹ̀yìn sókè, rọ́ọ̀dù á tún máa jẹ títì bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ìtẹ̀sẹ̀ tí wọ́n ń tà fún eré ìdíje ló ní ìhò méjèèjì. BMW S1000RR tó jáde láti ọdún 2019 tilẹ̀ gba yíyí láìra nǹkan kan kún un.

Ọlọ́kadà (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Èmi yí tèmi, mo sì tún dá a padà. Ọ̀kadà ni mo fi ń jẹun láti Mọ́ńdè sí Sátidé, jíà rẹ̀ ò sì bá ti páwà báìkì mi mu. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí mo bá bọ́ sórí ńlá, ẹsẹ̀ á ṣì máa ṣe ti kékeré. Mo gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀rù bà mí, mo fi í sílẹ̀. Àbúrò, bí o bá ń gun méjì, yí méjèèjì, tàbí kí o má yí ìkankan.

Ọmọ Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá tí a ti parí rẹ̀. Mo gbé e lọ sí Sábó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa, èmi ni mo di sípánà mú, àwọn ń wò mí. Irin jíà tèmi kò ní ìhò kejì, apá orí ṣáfùtù la dorí rẹ̀ kodò. Sẹ́ńsọ̀ tèmi ń gbọ́ títì àti fífà, mo dúpẹ́.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dá a padà, orí rọ́ọ̀dù ń ha ìdérí ibi tí ṣéènì ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́bà kan ò lè gba àárín wọn kọjá. Ẹ̀gbọ́n ní kí n yọ ọ́, kí n sún un ní eyín kan sẹ́yìn, a sì fa rọ́ọ̀dù gùn díẹ̀. Àlàfo tó gba ìka ọwọ́ kékeré ló wà níbẹ̀ báyìí. A kà á lórí ìdúró títí ó fi sú mi.

Mo lo ọjọ́ mẹ́rin lórí pápá ilé-ìwé kan láàárọ̀ kùtùkùtù. Ọjọ́ kejì tí mo bọ́ sí títì, mo dúró ní oríta ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, mo rò pé ìkíní ni mo tẹ̀, ìkẹta ni mo bá ara mi, ẹ́ńjìnnì kú, dáńfó sì ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń fi ẹnu kà á sínú hẹ́límẹ́ẹ̀tì: gbé e, gbé e, gbé e, kí n tó dúró. Ṣùgbọ́n fíríì ń yọ mí lẹ́nu. Láti ìkíní, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ìkejì ló ń fò sí. Irin jíà náà tún dà bí ẹni pé ó lọ sílẹ̀ jù lẹ́sẹ̀ mi.

Mẹkáníìkì Sábó (Ṣàgámù)

Nǹkan kan náà ni méjèèjì. Ìgbà tí ò ń gbé e sókè ni a tò ó fún níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó wà nísàlẹ̀ kí ìka ẹsẹ̀ lè bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ní báyìí, ò ń lo gbogbo ọrùn ẹsẹ̀ kí o tó tẹ̀ ẹ́ dé òpin, o kò sì lè rọra. Dẹ nọ́ọ̀tì rọ́ọ̀dù méjèèjì, yí i títí imú irin á fi ga ní ìbú ìka kan ju ibi tó wà lọ, kí o fún nọ́ọ̀tì padà, kí o tún wo bóyá kò ha ohunkóhun. Bó bá di ti fíríì, má dúró tán kí o tó wá a. Nígbà tí táyà ṣì ń yí díẹ̀, tí o wà ní ìkejì, di kílọ́ọ̀ṣì mú, fi ẹ̀yìn àtàǹpàkò ẹsẹ̀ gbé e bí ẹni ń ṣí aṣọ lójú ọmọ tó sùn. Bó bá fò ó kọjá sí ìkíní, tẹ̀ ẹ́ ní ìdajì, má janlẹ̀.

Ọmọ Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mo ti gbé e ga. Àánú ara mi ló ṣe mí, èmi tí mo ti ń jìjàkadì fún ọjọ́ mọ́kànlá! Fíríì wọlé lẹ́ẹ̀mẹjọ nínú mẹ́wàá láàárọ̀ yìí láti ilé dé Òkè-Ajé. Téèpù Ìyá Ìbejì ti wà lórí táǹkì mi, mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́. Àbúrò mi tó máa ń gbé báìkì náà lọ fọ̀, mo mú un jókòó lé e lórí lálẹ́ àná, ó ka jíà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún mi lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún kí n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.